Rà àbí tà? Bí àmì ohùn ṣe tàn mí jẹ nínú èdè Ṣáínà

Ní June 2022, bọ̀ọ̀dá mi, àbúrò bàbá mi tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní ọjà Odò-Orí nílùú Ìwó, na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ìwọ tó o ní ò ń kọ́ èdè Ṣáínà ní yunifásítì, ó yá, bá mi bi ọkùnrin yìí bóyá ó ń ta ṣéènì."

Guangzhou ni ọkùnrin náà wà. Ẹnì kan l'Ékòó ló fún bọ̀ọ̀dá ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí WeChat. Bọ̀ọ̀dá àti àwọn mẹ́rin mìíràn nínú ọjà ti jọ dá owó. Wọ́n fẹ́ máa ra ọjà tààrà láti Ṣáínà dípò kí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ àwọn alágbàtà Èkó tó ń fi owó lé e. Owó àjọ tí bọ̀ọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fi sí i. Ẹ̀yin náà rántí bí náírà ṣe ń já wálẹ̀ lọ́dún yẹn. Kò sí àyè eré nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Mo ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, kí àpù bá wa túmọ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní rárá o. "Ẹnu la fi ń nájà. Jẹ́ kó gbọ́ ohùn èèyàn." Mo húkọ́ díẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì sọ ọ́: Nǐ mài bu mài liàntiáo? Ìyẹn ni pé, ṣé ẹ ń ta ṣéènì? Àwọn ọmọọṣẹ́ bọ̀ọ̀dá pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èsì fi dé. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ó kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: bù mǎi, bù mǎi. Mo gbọ́ ọ, mo yíjú sí bọ̀ọ̀dá, mo ní, "Ó ní àwọn kì í tà á." Bọ̀ọ̀dá mi orí. Ó ní kò burú, Ọlọ́run á la ọ̀nà míì. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ ò tán o. Ohun tí mo bi ọkùnrin yẹn gan-an ni pé, "Ṣé ẹ ń ra ṣéènì?" Ohun tí òun náà sì fi fèsì ni pé, "A kì í rà á." Ẹ wo ọlọ́jà tí ṣéènì kún ilé rẹ̀, tí àjèjì kan láti Nàìjíríà wá dédé ń bi í bóyá yóò ra ṣéènì lọ́wọ́ òun. Tó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà ò ní dá a lóhùn mọ́. Èmi ni mo sọ rà nígbà tí mo fẹ́ sọ tà. Èmi yìí kan náà ni mo tún gbọ́ tà nígbà tí òun sọ rà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í, àṣìṣe kejì sì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fura.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dáadáa. Nínú èdè tiwa, rà àti tà, ohùn kan náà ni wọ́n ní, kọ́ńsónáǹtì ló yà wọ́n. Nínú èdè Ṣáínà, mǎi ni rà, mài ni tà. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ́lì kan náà, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí àwa ṣe so rà àti tà pọ̀ tí a ń pe òwò ní káràkátà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà so méjèèjì pọ̀, mǎimai ni wọ́n ń pe òwò. Tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí wàhálà: 买 ni rà, 卖 ni tà, bíi pé wọ́n dé fìlà fún èyí tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹnu nìkan ló lè kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ẹnu náà sì ni bọ̀ọ̀dá ní kí n lò.

Kí n tó sọ bí mo ṣe mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Mi ò kí ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Bayokẹ́mísìrì ni mo ń kà ní University of Lagos, ní Akoka. Inú ọgbà wa ni Confucius Institute wà. Ọdún 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Beijing Institute of Technology. Nnamdi Azikiwe University ní Awka náà ní tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, Xiamen University ni wọ́n jọ ṣe é. Ní January 2022 ni mo lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ fún wọn pé nítorí sikọ́láṣípù ni, pé tí mo bá fẹ́ lọ ṣe másítà ní Ṣáínà, á wúlò. Ká sọ òótọ́, fíìmù kọ́ńfú tí a máa ń wò ní Ìwó nígbà tí mo wà lọ́mọdé ló kọ́kọ́ kó sí mi lórí. Mi ò sọ ìyẹn fún wọn.

Ẹni tó bá ń kọ́ èdè tí kì í ṣe kọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí. Kò ní yúníìtì. CGPA rẹ ò mọ̀ pé ó wà. Tí tẹ́ẹ̀sì bá dé, òun lo máa kọ́kọ́ pa tì. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ kan tí ìjábọ̀ láàbù mi ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, tí mo jókòó tí mo ń kọ 我, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "èmi", bóyá ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ìlà méje ló ní. Roommate mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé 'èmi' nìkan lo fẹ́ kọ títí ilẹ̀ máa fi mọ́ ni?"

Olùkọ́ wa, lǎoshī ni a máa ń pè é. Ìyẹn ni orúkọ tí wọ́n ń pe olùkọ́, wọn kì í kàn pe olùkọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ò ṣe ní pe Álífà wa lórúkọ ní ilé-kéwú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí gbogbo wa pe lǎoshī. A pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a gbọ́ ohùn dáadáa. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ náà. Yorùbá, Ìgbò àti Hausa, gbogbo wọn ló jẹ́ èdè olóhùn. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá pé ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ kì í ṣe ohun kan náà. Ní kíláàsì, lǎoshī á sọ, a ó sọ tẹ̀lé e, ó tán. Mo rò pé mo ti jẹ ẹ́ tán.

Ní 14 February, àwọn olùkọ́ yunifásítì dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo palẹ̀ mọ́, mo padà sí Ìwó, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Oṣù mẹ́jọ ni. 14 October ni ìyanṣẹ́lódì yẹn tó dáwọ́ dúró. Láàárín ìyẹn, ìwé ni mo fi ń kọ́ra mi. Lǎoshī kò sí níbẹ̀ mọ́, dátà sì wọ́n, nítorí náà ojú mi gba iṣẹ́ tí etí mi ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ń ka pinyin.

Pinyin ni lẹ́tà ABD tí wọ́n fi ń kọ bí wọ́n ṣe ń pe èdè Ṣáínà. Ọdún 1958 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i. Ó ní àmì mẹ́rin lórí fáwẹ́lì: mā, má, mǎ, mà. Ẹ wo méjì nínú wọn. Ẹ ò rí i pé a mọ̀ wọ́n? Àmì òkè wa nìyẹn, àmì ìsàlẹ̀ wa nìyẹn! Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn, ó dà bíi pé mo pàdé ará ilé nílẹ̀ òkèèrè. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kó sí páńpẹ́.

Nínú Yorùbá, àmì ohùn ń sọ ibi tí ohùn dúró sí. Má, ó wà lókè. Mà, ó wà nísàlẹ̀. Láti bí ìgbà gírámà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1852 ni wọ́n ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún wa. Nínú pinyin, àmì náà ń ya àwòrán ọ̀nà tí ohùn gbà. Tí ìlà yẹn bá ń gòkè láti òsì sí ọ̀tún, ohùn náà ń gòkè. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ohùn náà ń já wálẹ̀ láti òkè pátápátá. Nítorí náà má ti Ṣáínà kò dúró sókè, gígùn ló ń gùn ún. Mà ti Ṣáínà kò sì jókòó sísàlẹ̀, láti òkè ló ti ń bọ̀ bí ẹni tó jábọ́ lórí àga.

Èwo wá ni ohùn tó jókòó sísàlẹ̀ nínú èdè wọn? Èyí tó ní àmì bí ẹyẹ tó na apá ni, mǎ. Ìwé máa ń ní ó ń wálẹ̀ kó tó tún gòkè, òótọ́ sì ni tí ẹ bá pè é lóun nìkan. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tó ń lọ geere, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dúró sí. Àmì ẹyẹ yìí náà tún tan àwọn tó ka ìwé Yorùbá àtijọ́ jẹ, nítorí wọ́n máa ń kọ yǐ fún yìí nígbà yẹn, ohùn tó ń gòkè ló sì dúró fún. Àmì kan náà, ìtumọ̀ mìíràn.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo ohun tí mo ṣe. Mo rí mài nínú ìwé. Ojú Yorùbá mi ní ìsàlẹ̀ ni. Mo pè é ní ìsàlẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ọkùnrin Guangzhou gbọ́, mǎi ló jẹ́ létí rẹ̀. Rà. Nígbà tí òun náà wá sọ mǎi, tí mo gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, orí mi kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi mài. Tà. Àṣìṣe tó bá òfin mu látòkèdélẹ̀ ni, kò sí àìbìkítà kankan níbẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Bí mo ṣe mọ̀ kò le. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, mò ń nu fóònù mi torí ó ti kún, mo bá rí ohùn lǎoshī tí mo gbà sílẹ̀ ní kíláàsì ní January. Ó ń ka ọ̀rọ̀ ọjà. Ó dé orí mǎi, ó dé orí mài. Ara mi tutù. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí bọ̀ọ̀dá yá mi ní fóònù, mo tún ohùn ọkùnrin yẹn gbọ́. Bù mǎi. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo dá fóònù padà, mo ní mo kàn fẹ́ wo nǹkan ni. Irọ́ ni mo pa, kò sì rọrùn láti gbé e sùn.

Nígbà tí mi ò rí oorun sùn, mo ní kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Praat, ọ̀fẹ́ ni, Paul Boersma àti David Weenink ti University of Amsterdam ló ṣe é. Tí ẹ bá fi ohùn èèyàn sínú rẹ̀, á ya ìlà bí ohùn náà ṣe ń lọ sókè sódò fún yín. Ohun tó ń wọ̀n ni iye ìgbà tí tán-án-ná inú ọ̀fun ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tọkùnrin sábà máa ń wà ní nǹkan bí 100 sí 150, tobìnrin ní nǹkan bí 200. Bí ó bá ṣe ń yára gbọ̀n tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe ń ga tó.

Mo lọ bá Ìyá àgbà lábẹ́ igi níwájú ilé, mo gbé fóònù sí ẹnu wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ 'àlá'."

Wọ́n ní, "Àlá? Àlá wo ni mo lá?"

"Àlá nìkan, mà."

"Àlá." Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo ní kí wọ́n tún sọ "rárà", wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí mo ń wá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ Ìwó, ọmọ ìlú odídẹrẹ́. Ta ló rí odídẹrẹ́ tó ń fi ìwé kọ́ ọ̀rọ̀?"

Mo ṣí Praat, mo fi ohùn wọn sí i. Mo ti rò pé màá rí àkàsọ̀ méjì nínú "àlá": à nísàlẹ̀, lá lókè, bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Kì í ṣe ohun tí mo rí nìyẹn. "Lá" bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó wá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Nínú "rárà", "rà" bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń já wálẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́ o: ohùn tó ń gòkè àti ohùn tó ń wálẹ̀, ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ti Ṣáínà nìkan, inú ẹnu Ìyá àgbà ló wà, inú ẹnu gbogbo wa ló wà. Àwọn onímọ̀ èdè ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nínú Yorùbá, bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀, á fa ìsàlẹ̀ náà dání bọ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ti òkè, á ti òkè jábọ́.

Kí ló dé tí a kì í gbọ́ ọ? Nítorí pé kò yí ìtumọ̀ padà ni. Ọpọlọ kì í tọ́jú ohun tí kò nílò. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees fi hàn pé àwọn ọmọ ọwọ́ lè gbọ́ ìyàtọ̀ ìró tó wà nínú èdè tí kì í ṣe ti ilé wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi máa sún mọ́ ọdún kan, ọ̀pọ̀ nínú agbára yẹn á ti lọ. Etí kò bàjẹ́. Ọpọlọ ló ti pinnu ohun tí kò ní ka sí mọ́. Gígòkè inú "àlá" wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ayé mi, mi ò gbọ́ ọ rí títí tí kọ̀ǹpútà fi yà á fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá rántí pé àwa gan-an ní ọ̀rọ̀ tí a ti ń kó ohùn méjì sórí fáwẹ́lì kan. Yìí ń gòkè. Náà ń wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ń wálẹ̀. Mo mú bébà, mo da pinyin nù, mo fi àmì tiwa kọ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ṣáínà. Ẹ wò ó bó ṣe jáde: mā, ìyá, di má. Má, igbó òkùn tí wọ́n fi ń hun aṣọ, di màá. Mǎ, ẹṣin, di mà. Mà, ká bú èèyàn, di máà. Má, màá, mà, máà. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a kì í sọ kí ilẹ̀ tó ṣú: má lọ, màá lọ, ó mà dára o, máà dá a lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú yàrá bí ẹni tó rí owó he.

Àtúnṣe kékeré kan wà. Ní 1930, Yuen Ren Chao ṣe ọ̀nà kan láti fi nọ́ńbà kọ ohùn, 1 ni ìsàlẹ̀ pátápátá, 5 ni òkè pátápátá. Ohùn àkọ́kọ́ Ṣáínà jẹ́ 55, ìkejì 35, ìkẹta 214, ìkẹrin 51. Ẹ wo ìkejì: 3 ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 1. Tí ẹ bá pè é bíi "màá" wa gan-an, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ jù, wọ́n sì lè gbọ́ ọ bí ìkẹta. Àárín ni kẹ́ ẹ ti gbéra. Àwa tí a fi dò-re-mí kọ́ ohùn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló rọrùn fún jù: ìkejì jẹ́ re-mí, ìkẹrin jẹ́ mí-dò, ìkẹta jẹ́ dò, àkọ́kọ́ jẹ́ mí tó dúró gbọnin. Ìdí nìyẹn tí a fi pe lǎoshī dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Dò-mí lásán ni.

Ohun kan tún wà tí ẹnu Yorùbá ò fẹ́ràn. Ohùn ìkẹta méjì kì í tẹ̀lé ara wọn nínú èdè wọn. Èyí tó ṣáájú gbọ́dọ̀ di ìkejì. Ìdí nìyẹn tí nǐ hǎo, ìkíni tí gbogbo ayé mọ̀, fi máa ń jáde bíi ní hǎo. Àwa ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀! Dò mẹ́ta léra wọn, kò sí ohun tó ṣe wá.

Chao tí mo dárúkọ yìí, ìṣirò ló kọ́kọ́ kà ní Cornell, ó wá gba PhD nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Harvard ní 1918. Zhou Youguang, tí wọ́n ń pè ní bàbá pinyin, ètò ọrọ̀-ajé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ báǹkì ní New York, ó sì ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀-ajé ní Shanghai kí wọ́n tó pè é síbi àtúnṣe ìkọ̀wé ní 1955. Ó pé ọdún 111 kó tó kú ní 2017. Nígbà tí ẹnì kan bá tún bi mí pé kí ni oníbayokẹ́mísìrì ń wá nínú èdè Ṣáínà, àwọn méjì yìí ni mo máa ń dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé mi ò sún mọ́ wọn rárá.

Ó wá ku bọ̀ọ̀dá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ August, mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó dé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo retí kí wọ́n pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọ̀sẹ̀ mélòó ló ti di báyìí?" Mo ní ó ti ń lọ sí méje. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ dá owó ti gba tiwọn padà. Dọ́là sì ti gòkè sí i. Páálí mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ rà ní June.

Wọ́n ní, "Ó yá, tún un sọ."

Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáradì. Mo ti ń fi Praat wo ohùn ara mi, mo ń gbé ìlà tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti lǎoshī títí tí méjèèjì fi jọra. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, duìbuqǐ. Lẹ́yìn náà mo ní: Wǒ yào mǎi. Nǐ mài ma? Mo fẹ́ rà. Ṣé ẹ ń tà? Mo fi mài já wálẹ̀ láti òkè bí ẹni sọ "náà" tìbínú-tìbínú. Ọjọ́ náà ò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ọkùnrin náà fèsì lálẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wọlé, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní, mài, mài, mài! Ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni gún iyán, láti òkè wálẹ̀, láti òkè wálẹ̀. Àwòrán ṣéènì tẹ̀lé e, ó pọ̀ débi pé dátà bọ̀ọ̀dá tán.

Páálí mẹ́rin ni owó tó kù ká. Ìdẹkùn mìíràn sì wà níbẹ̀. Sì ni ẹẹ́rin, mí-dò. Tí ẹ bá pè é ní ìsàlẹ̀ bí ojú Yorùbá ṣe ń rí i, sǐ lẹ sọ, ikú nìyẹn. Nítorí pé méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà kì í fẹ́ rí 4 sójú. Ilé gíga mìíràn wà tí wọn kì í ka àjà kẹrin rárá. Mo rò ó pé kí n ní mẹ́ta tàbí márùn-ún kí n sì bọ́. Bọ̀ọ̀dá ní ẹẹ́rin lowó ká. Mo mí kanlẹ̀, mo ní sì xiāng, páálí mẹ́rin. Ó ní hǎo, ó dáa.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, mo lọ bá lǎoshī, mo sọ ìtàn náà fún un. Ó ní kí n máa fi etí kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó wo ìwé, Ìyá àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Ní 2023 mo jókòó ṣe ìdánwò HSK, ìpele kejì, èyí tó ń béèrè fún ọ̀rọ̀ 300. 200 ni máàkì rẹ̀, 120 lèèyàn fi ń yege. Mo gba 171. Ẹ má kí mi kú oríire jù. Ìpele yẹn ń yẹ etí àti ìwé kíkà wò, ẹnu ò sí níbẹ̀. Ìdánwò ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀rọ̀ sísọ. Mo lè yege ìdánwò náà láìsọ mài bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè yìí ṣòwò, kó rántí ìyẹn kó tó fi sìtífíkéètì há ògiri.

Páálí mẹ́rin yẹn dé Ìwó lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Bọ̀ọ̀dá tà wọ́n, èrè díẹ̀ ló kù lórí ẹ̀, kò tó èyí tó yẹ kó jẹ́ tó bá jẹ́ pé June ló rà á. Wọn kì í sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Lára ògiri pákó ṣọ́ọ̀bù wọn, mo fi máákà kọ ọ́ fún wọn, àmì Yorùbá ni mo lò: màì, rà, máì, tà. Àwọn fúnra wọn ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà báyìí, ó sì ń gbọ́ wọn. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Iléyá tó kọjá, wọ́n ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ dín owó ẹ̀ kù díẹ̀" sí abẹ́ rẹ̀. Piányi yìdiǎn ni. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún ń nù ún.